Ìyá Ríbọ́ọ̀nù àti Ọkọ̀ Panápaná Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi ìka kan ahọ́n, mo sì nà án sókè: bí mo bá parọ́, kí òjò fi gbogbo ìlú sílẹ̀ kó máa pa èmi nìkan. Òótọ́ ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó dára, láti orí dé orúnkún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ìtàn kò lè máa rìn láìwọ bàtà. Ibi tí ọ̀nà bá ti ní ẹ̀gún, ó ní láti fi nǹkan díẹ̀ bọ ẹsẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti fi nǹkan bọ ẹsẹ̀ nínú ìtàn yìí, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dákẹ́. Ẹ má wulẹ̀ máa wá a kiri. Ẹ kò ní rí i.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé àwo ni iṣẹ́ rẹ̀ nílé-iṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe àwo oúnjẹ o. Àwo fàdákà ni, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù pupa kékeré sínú rẹ̀, àlùmọ́gàjí sì nà gbalaja lórí tìmùtìmù náà bí ọlọ́lá tó ń sùn lọ́sàn-án. Nígbàkígbà tí ọ̀gá ńlá kan bá fẹ́ ṣí afárá, tàbí ilé-ìwé, tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, obìnrin yìí ni yóò dúró tì í, tí yóò tẹrí ba, tí yóò sì na àwo sí i. Ọ̀gá a mú àlùmọ́gàjí, a gé ríbọ́ọ̀nù, àwọn èèyàn a pàtẹ́wọ́, ayàwòrán a yàwòrán. Nínú gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn, ìgbọ̀nwọ́ obìnrin yìí nìkan ló máa ń hàn.

Ó gbé àwo títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀. Bí ìwé ìròyìn bá ti jáde, a mú un lọ sílé ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ wò mí níbí."

Ìyá a wọ awò ojú rẹ̀. "Níbo?"

"Ìgbọ̀nwọ́ yẹn."

"Ìgbọ̀nwọ́ náà dára," ni ìyá rẹ̀ á wí. "Ó jọ ti bàbá rẹ."

"Màmá, lọ́jọ́ kan, èmi náà á gé e."

"Kí lo fẹ́ gé?"

"Ohunkóhun."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. Ẹni tí ebi ohunkóhun bá ń pa, ohunkóhun náà ni yóò jẹ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sinmi. Ó bọ́ sínú òṣèlú, ó ní òun fẹ́ di alága ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tó ń bá a díje ń ṣèlérí omi àti títì. Òun ṣèlérí ìṣíde. "Gbogbo ohun tó bá wà nílùú yìí ni a ó ṣí!" ló ń pariwo kiri. "Kò ní sí ohun kan tí yóò wà ní títì pa!" Àwọn ará ìlú rò pé ẹni tó bá máa ṣí nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ nǹkan. Wọ́n dìbò fún un. A kì í bá èèyàn wí lórí èrò rere.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù sẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun. Ó gé e, ó wọlé. Wọ́n ti ta òmíràn sórí àga. Ó gé e, ó jókòó. Òmíràn wà lára dúrọ́ọ̀. Nígbà tó fi máa kan bírò, iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ yẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti lọ sílé pẹ̀lú àwòrán.

Ó gba alákéde kan síṣẹ́ láti máa darí ètò. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀ rí, ewúrẹ́ tó sọnù ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde káàkiri àdúgbò. Nígbà tó débi iṣẹ́ tuntun, kò yí nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kàn yọ ewúrẹ́ kúrò, ó fi Alága síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, á ní, "Funfun báláú, oníwo méjì, ẹni tó bá rí i kó yọ̀!" Ní báyìí, á ní, "Afínjú obìnrin, oníwà méjì, ẹni tó bá rí i kó yọ̀!" Kò sẹ́ni tó bi í pé ìwà méjì wo.

Òfin tí Alága kọ́kọ́ ṣe ni Òfin Ìṣíde: ohunkóhun tí ìjọba ìbílẹ̀ bá rà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí Alága tó gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tó ti ṣí garawa ìdalẹ̀nù kan lẹ́bàá ọjà. Ẹ rọra dúró lẹ́yìn, oòrùn mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ni Alága wí. "Ìtàn yóò bi àwọn ọmọ wa léèrè pé, níbo ni àwọn òbí yín wà lọ́jọ́ tí garawa yìí kọ́kọ́ lanu? Àwọn kan la ẹnu, irọ́ ló jáde. Garawa yìí la ẹnu, ìmọ́tótó ló wọlé!"

"Ìyá tó gé ríbọ́ọ̀nù tí ẹ̀gbin fi sá lọ!" ni Olóhùn-Iyọ̀ fi gbè é. "Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni ọkùnrin kan ti ju èèpo ọsàn sínú garawa. Alága rí i. Ó ní kí wọ́n yọ èèpo ọsàn náà jáde. Wọ́n yọ ọ́. Ó ní kí wọ́n nu garawa. Wọ́n nù ún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látorí "Ẹ̀yin èèyàn mi." Ọkùnrin náà di èèpo ọsàn mọ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ fi parí, bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ ọlọ́mọ gbé.

Ọjọ́ yẹn ni ìlú fún un ní orúkọ. Lójú rẹ̀, Ọlọ́lá Jùlọ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ríbọ́ọ̀nù.

Bí ó bá jẹ́ garawa nìkan ni, à bá rẹ́rìn-ín, à bá lọ sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ra ibùsùn ìgbẹ̀bí tuntun sí ilé ìwòsàn. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti kán lẹ́sẹ̀, ó máa ń da aboyún nù. Wọ́n di ríbọ́ọ̀nù mọ́ ibùsùn tuntun, wọ́n ní Alága ń bọ̀. Wọ́n dúró. Kó tó dé, aboyún kan dé pẹ̀lú ìrọbí. Agbẹ̀bí wo ibùsùn tó kán, ó wo èyí tó wà nínú ríbọ́ọ̀nù, ó wo ojú aboyún. Ó tú ríbọ́ọ̀nù.

Bí Alága ti ń wọ ọgbà ilé ìwòsàn pẹ̀lú àwo rẹ̀ àti Olóhùn-Iyọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ igbe.

"Ta ló ń ké yẹn?"

"Ọmọ tuntun ni, Mà," ni agbẹ̀bí wí.

"Orí ibùsùn wo ni wọ́n bí i sí?"

Agbẹ̀bí wolẹ̀. "Orí èyí ni, Mà. Kò lè dúró."

"Kò lè dúró? Èmi tí mo gbé àwo títí mo fi hewú, mo dúró. Ọmọ tí kò tíì ní eyín lẹ́nu ni kò lè dúró?"

"Ẹ má bínú, Mà. Orí rẹ̀ ló ti yọ."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un kó padà?"

Wọ́n tún ríbọ́ọ̀nù dì. Wọ́n tún ní kí ìyá ọmọ dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ọmọ sábẹ́ aṣọ kó má baà hàn nínú àwòrán. Alága sọ̀rọ̀ lórí ìbí, ó sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, ó gé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Kó tó kúrò, ó pàṣẹ pé ọmọ tí wọ́n bí sórí ibùsùn tí a kò tíì ṣí, a kò tíì bí i lójú ìjọba. Ó ní òun yóò mú ọjọ́ tí òun yóò wá ṣí ọmọ náà fúnra òun. Ní ti agbẹ̀bí, ó ní kó lọ jókòó sílé.

Ìyá ọmọ pọn ọmọ rẹ̀, ó ń lọ. Ọmọ náà ń ké lójú ọ̀nà gan-an bí ẹni tí wọ́n bí.

Lẹ́yìn èyí ni Alága di oníṣòwò. Ohun tó fà á ni pé ríbọ́ọ̀nù ti wá rọrùn jù láti tú. Ó ní agbẹ̀bí ti kọ́ ìlú ní ìwàkuwà. Ó ta ilé rẹ̀, ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ríbọ́ọ̀nù sílẹ̀. Kò ku ibi kankan tó lè kọ́ ọ sí mọ́ àfi ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀, ní òdìkejì títì sí ọgbà ìjọba ìbílẹ̀. Ó kọ́ ọ mọ́ ògiri ilé ìyá náà, òun fúnra rẹ̀ sì kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Gbogbo ohun tó ní láyé wá wà lábẹ́ òrùlé méjì tó fara kan ara wọn.

Ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹ mọ̀. Wọ́n hun okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú rẹ̀. Orúkọ tó fún un ni Kì-í-já. Ọwọ́ kò lè fà á já, ọ̀bẹ kò lè gé e, àlùmọ́gàjí lásán a sì tẹ̀ lójú rẹ̀. Àlùmọ́gàjí oníwúrà kan ṣoṣo tí Alága ní kí wọ́n rọ fún òun ló lè gé e. Ìjọba ìbílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ra ríbọ́ọ̀nù mìíràn.

Ẹnì kan dìde nípàdé, ó ní, "Ọlọ́lá Jùlọ, ṣé ó bójú mu kí Alága máa tajà fún ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ alága lé lórí?"

"Kò sí ìṣòro níbẹ̀," ni Alága wí. "Mo bá ara mi dúnàádúrà. Ara mi le bí òkúta. N kò gbà fún ara mi rárá, àfìgbà tí mo bẹ ara mi."

"Ẹ pàtẹ́wọ́!" ni Olóhùn-Iyọ̀ wí.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń to ríbọ́ọ̀nù ti ògiri rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan tí ẹ ń kó ti ògiri mi yìí, kò ní gbiná báyìí?"

"Màmá, ríbọ́ọ̀nù ayẹyẹ ni."

"Mo gbọ́ pé ti ayẹyẹ ni. Ṣé iná náà gbọ́?"

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ràn àníyàn jù."

Bóyá nítorí ẹnu ìyá rẹ̀ ni o, bóyá nítorí kó lè rí nǹkan ńlá gé ni o, Alága ra ọkọ̀ panápaná kan fún ìlú. Ọkọ̀ náà pupa, ó ń dán, omi kún inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á. Wọ́n gbé e sínú ọgbà ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì fi Kì-í-já wé e láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n wé ilẹ̀kùn, wọ́n wé táyà, wọ́n wé rọ́bà omi, wọ́n wé àpótí irinṣẹ́. Ó dà bí ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ fún òmìrán.

Ṣíṣí ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ garawa. Alága ń fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò lọ, Alága sì fẹ́ kí Olórí ẹgbẹ́ wá fojú ara rẹ̀ rí bí òun ṣe ń gé nǹkan. Olórí ẹgbẹ́ a ní òun ń bọ̀. Kò ní wá. Wọ́n a tún mú ọjọ́ mìíràn. Ọkọ̀ wà nínú ríbọ́ọ̀nù títí ẹyẹ fi kọ́lé sórí rẹ̀.

Ọ̀gá panápaná, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ àbúrò agbẹ̀bí, lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀wọ́, Mà, kí a kàn tú ẹnu ilẹ̀kùn nìkan. Iná kì í ránṣẹ́ kó tó wá."

"Ọ̀gá panápaná, ṣé o rántí agbẹ̀bí?"

"Mo rántí rẹ̀, Mà. Ilé wa ló ń gbé báyìí."

"Ó dáa. Ní ti iná, a ti kéde fún gbogbo ará ìlú pé wọn kò gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìṣíde."

Olóhùn-Iyọ̀ ti kéde rẹ̀ lóòótọ́. Láti ilé dé ilé. Ó ní ẹni tó bá rí iná kó yọ̀.

Níkẹyìn, Olórí ẹgbẹ́ wá. Gbogbo ìlú jáde sí ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ètò tí Alága ṣe rèé: Olórí ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ wo ilé-iṣẹ́ ríbọ́ọ̀nù, níbi tí àlùmọ́gàjí oníwúrà wà nínú àpótí onígíláàsì. Wọn yóò mú un níbẹ̀, wọn yóò sì tẹ̀ lé ríbọ́ọ̀nù gígùn kan tí wọ́n tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, gba orí títì kọjá, títí dé ìdí ọkọ̀ panápaná. Ètò náà dára. Ibi tó ti bàjẹ́ kò ju pé Olóhùn-Iyọ̀ fẹ́ kí Olórí ẹgbẹ́ mọ̀ pé inú ìlú dùn. Bí ọkọ̀ àlejò ti yọ lókèèrè, ó ṣáná sí báńgà tó to sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Wọ́n dún gbàù, gbàù, gbàù lójú ọ̀run. Ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ràn ojú ọ̀run. Ó yà sọ́wọ́ òsì, ó gba ojú fèrèsé wọ ilé-iṣẹ́ ríbọ́ọ̀nù lọ.

Èéfín kọ́kọ́ yọ. Ìyá àgbà jáde síwájú ilé rẹ̀, ó gbé rédíò rẹ̀ dání.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ló pè láti òdìkejì títì. "Iná náà kò tíì gbọ́ pé ti ayẹyẹ ni o!"

Alága yíjú padà. Ó rí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó rí ògiri ilé ìyá rẹ̀, ó rí bí iná ṣe ń wo ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá panápaná! Ẹ wa ọkọ̀!"

"Ẹ gé e, Mà."

"Mo ní ẹ wa ọkọ̀!"

"Ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí, Mà. Kì-í-já ni."

"Ẹ fà á já!"

"Mà," ni ọ̀gá panápaná wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ẹ̀yin lẹ pè é lórúkọ."

"Ẹ lo irinṣẹ́ yín!"

"Inú àpótí ló wà, Mà. Ẹ ti wé àpótí náà."

Àlùmọ́gàjí oníwúrà wà nínú iná. Aránṣọ kan sáré mú tirẹ̀ wá, ó tẹ̀. Alápatà mú ọ̀bẹ wá. Ojú ọ̀bẹ náà ká. Alága wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé yóò ṣe láé. Ó kúnlẹ̀ nínú aṣọ olówó iyebíye rẹ̀, ó ki ríbọ́ọ̀nù bọnu, ó fi eyín gé e. Ríbọ́ọ̀nù náà dúró. Eyín kan ni kò dúró.

Láàárín gbogbo èyí, Olóhùn-Iyọ̀ wà lórí pèpéle. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. "Kí a tó gé e," ló ń wí, "a ó kọ́kọ́ kí àwọn èèyàn ńlá tó wà láàárín wa." Ó wò yíká láti kí Olórí ẹgbẹ́. Ọkọ̀ Olórí ẹgbẹ́ ti yí padà, ó ti ń lọ, ó sì ń sáré.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó tẹ̀ lé ètò láìyẹsẹ̀. Iná ni. Ó jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ó gun orí ríbọ́ọ̀nù gígùn tí wọ́n tẹ́ fún àlejò, ó rọra rìn kọjá títì bí ẹni tí wọ́n fìwé pè, ó dé ìdí ọkọ̀ panápaná, ó sì gun ara rẹ̀ lọ. Ẹyẹ fò kúrò lórí rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù jó wọ̀ọ̀. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ pọ́n, ó rọ̀, ó sì já bọ́ sílẹ̀ bí irun lábẹ́ àga onígbàjámọ̀.

Olóhùn-Iyọ̀ wo ọkọ̀, ó rí i pé ríbọ́ọ̀nù ti gé.

"Ẹ pàtẹ́wọ́!" ló wí.

Ìlú pàtẹ́wọ́. Mo búra, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá panápaná àti àwọn èèyàn rẹ̀ bu omi pa iná tó wà lára ọkọ̀, wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n sáré kọjá títì. Wọ́n gba ilé ìyá àgbà sílẹ̀. Ògiri kan péré ló dúdú. Ilé-iṣẹ́ ríbọ́ọ̀nù kò ku nǹkan kan. Nínú eérú, wọ́n rí wúrà díẹ̀ tó ti yọ́, kò sì jọ àlùmọ́gàjí mọ́. Ó jọ ìgbọ̀nwọ́.

Olórí ẹgbẹ́ yan ẹlòmíràn. Nígbà tí ìbò dé, ìlú náà yan ẹlòmíràn ṣe alága: agbẹ̀bí tó ń jókòó sílé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ìyẹn nìkan.

Wàyí o, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ríbọ́ọ̀nù jókòó ti ìyá rẹ̀ lábẹ́ ògiri dúdú yẹn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ẹ rí ojú mi nínú àwòrán." Ìyá fa orí rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ojú rẹ ni mo ti ń rí láti ọjọ́ tí mo bí ọ." Lọ́jọ́ kejì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú agbẹ̀bí, ó tọrọ àforíjì, ó sì lọ sílé ọmọ yẹn, ó kéde níwájú gbogbo àdúgbò pé a ti bí i.

Ibi tí mo ti wọ bàtà nìyẹn.

Mo ní n ó jẹ́wọ́, mo ti jẹ́wọ́. Iná tó gé ríbọ́ọ̀nù, òótọ́ ni. Eyín, òótọ́ ni. Ọwọ́ ìyá àgbà ni eyín náà wà, nínú ìgò kan, bí ẹ bá kí i dáadáa á fi hàn yín. Ẹkún àti àforíjì ni mo dá sílẹ̀ láti ọkàn ara mi, torí mo gbọ́ pé ìtàn tó dára gbọ́dọ̀ sunkún níbì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé obìnrin náà kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Ìgò ìpaná alágbèéká ló ń tà. Ọjà náà ń yá, torí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó mọ iná. Ó fi ríbọ́ọ̀nù di ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì rà á, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí òun tó wá ṣí i. Ìdìbò tó ń bọ̀, orúkọ rẹ̀ tún wà níbẹ̀.

Ní ti ọmọ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Agbẹ̀bí fẹ́ fagi lé àṣẹ náà, ìyá ọmọ ló ní kó fi sílẹ̀. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, kò sì sí ohun tó wà lórí àtẹ ìlú yìí tí kì í jí. Lánàá, wọ́n fà á lọ bá ọlọ́pàá pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọlọ́pàá wò ó títí, ó wo òfin títí, ó sì ní kó máa lọ sílé, torí a kò lè ti ẹni tí a kò tíì bí mọ́lé.